Ẹ̀rọ lésà wáàtì 40 tí kò gé pátákó mọ́: àtúnṣe rẹ̀ láti orí omi dé orí igbá fínfín, ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀rọ náà: lésà CO2 oníwáàtì 40, tí ń fi ìtànṣán gé nǹkan, tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, àyè iṣẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 300 sí 200. Túùbù rẹ̀, níbi tí gáàsì CO2 ti ń sọ iná di ìtànṣán, jẹ́ dígí, ó gùn ní mílímítà 700. Dígí kékeré mẹ́ta ló ń darí ìtànṣán láti ẹnu túùbù wá sórí lẹ́ńsì. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀yọ́ ló ń lò ó fún pátákó orúkọ, Perspex, àmì ẹ̀yẹ, àti ọmọrí igbá tí àwọn kan ń kó lọ tà ní ọjà Akẹ̀sán.

Àìsàn rẹ̀: plywood mílímítà 3 tó máa ń gé já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 9 mm/s (mílímítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) pẹ̀lú 12 mA (mílíámípíà, ìwọ̀n iná tó ń wọ túùbù), kò gé e já mọ́ ní 4 mm/s, bí a tilẹ̀ gbé iná rẹ̀ dé 16 mA. Etí igi náà dúdú bí ìdí ìkòkò, ilà tó gé sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń sọ ni pé túùbù ti kú. Túùbù ló gbówó lórí jù nínú ẹ̀rọ yìí, òun náà ló sì máa ń fọ́ jù lójú ọ̀nà láti Èkó. Nítorí náà, òun la fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ìtò tí a tẹ̀ lé ni èyí tí kò náni ní nǹkan ṣáájú: omi, lẹ́ńsì, ìtò dígí, fókọ́ọ̀sì, kí ó tó kan túùbù. Ẹ ò ní rí náírà nínú àkọsílẹ̀ yìí, torí iye tí a bá kọ lónìí, dọ́là ti yí i padà kó tó di ọ̀la.

Ohun èlò: mítà, screwdriver, kọ́kọ́rọ́ Allen, rúlà, vernier, paper tape, ọtí isopropyl 99%, ọ̀wọ́ òwú fún etí, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ̀rọ ìwọn-ooru, microswitch (súwíìṣì kékeré tí ìdérí ń tẹ̀) méjì, súwíìṣì ìṣàn omi kan, wáyà áàtì (èyí tí ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) àti ọ̀pá bàbà rẹ̀.

1. Ìdérí àti áàtì, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ìtànṣán CO2 kò ṣeé fojú rí. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 10.6, ojú kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí tí yóò fi jó ẹyinjú. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí níbi tó ti ń gé igi, igi tó ń jó ni, kì í ṣe lésà. Àpótí onírin àti ìdérí rẹ̀ ni ààbò gidi. Bí ìdérí bá ti ṣí tí iná ń jáde, lésà Class 4 (ìpele tó léwu jù) lẹ dúró tì yẹn. Awò aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ lésà búlúù kékeré, ìgbì búlúù nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Awò tí ẹ bá máa lò fún CO2, nọ́ńbà 10,600 nm gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí kì í ní súwíìṣì lára ìdérí. Èyí náà kò ní. A fi microswitch kan sí ìdérí iwájú, a fi ọ̀kan sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí túùbù wà. Ẹ̀kẹta ni súwíìṣì ìṣàn omi, orí páìpù tí omi ń gbà jáde kúrò lára túùbù ló wà. A so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra lórí wáyà kan ṣoṣo, pẹ̀lú súwíìṣì lésà tó ti wà níwájú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, a sì dá a padà sójú P+ àti G lára páwà sọ́pláì. Àwọn páwà mìíràn máa ń kọ WP síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí, lésà ò ní jáde, ṣùgbọ́n mọ́tò á ṣì máa rìn.

Microswitch ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. COM àti NO ni kí ẹ lò, torí NO kì í so pọ̀ àyàfi tí ìdérí bá tẹ súwíìṣì náà. Ẹni tó bá so mọ́ NC yóò ní ẹ̀rọ tí ń yọ iná nígbà tí ìdérí ṣí, tí á sì dákẹ́ nígbà tí a bá dé e. Lẹ́yìn tí a so ó tán, a fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, a dúró sẹ́yìn, a tẹ bọ́tìnì Test, a wo abẹ́rẹ́ mA. Kò mira. A dé e, a pa pọ́ǹpù omi, a tún tẹ̀ ẹ́. Kò mira.

Súwíìṣì omi àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Omi tó ń béèrè pọ̀ ju èyí tí pọ́ǹpù kékeré yẹn lè tì lọ, ó wá ń pa lésà láàárín iṣẹ́ ṣáá. Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ fi ẹnu páìpù sínú igò lítà kan kí ẹ wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó kún, kí ẹ sì fi wé ohun tí wọ́n kọ sára súwíìṣì náà.

Ti áàtì le ju báyìí lọ. Páwà yìí ń gbé fóltì tó tó 15,000 sókè, ara àpótí onírin sì ni ẹni tó ń lò ó ń fọwọ́ lé láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn ilé àtijọ́ pọ̀ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn ní ihò mẹ́ta, tí ihò òkè kò sì so mọ́ ibì kankan. A fi mítà wọ̀n ọ́n: òfìfo. A gbá ọ̀pá bàbà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri, a fi èédú àti iyọ̀ yí i ká bí àwọn oníwáyà ṣe máa ń ṣe, a sì fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí nọ́ọ̀tì áàtì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Láti ara àpótí dé orí ọ̀pá, mítà gbọ́dọ̀ kà tó kéré sí ohm kan. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ pupa máa ń gbẹ títí tí ọ̀pá náà kò fi ní rí ohun dì mú. Ẹ máa bomi sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí ẹ̀yìn, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe kí ẹ pa súwíìṣì nìkan. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà pupa tó wọ orí túùbù. Inú páwà fúnra rẹ̀, ẹ má ṣí i.

2. Omi

Omi kànga ló wà nínú rọ́bà. Iyọ̀ inú ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kí iná ńlá yẹn máa jò gba inú omi lọ; ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ rọ́bà nígbà tí lésà ń ṣiṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára, àti pé iná tó bá jò lọ kò ní di ìtànṣán. A da á nù, a fi distilled water lítà 20 rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníbátìrì ń tà. Kì í ṣe ásíìdì o! Ẹ ka ara igò. Rọ́bà náà ní láti ní ìdérí tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí ewédò má baà hù.

Ooru ló kù. Ní ọ̀sán oṣù kẹta, omi inú rọ́bà ti wà ní digiri 32 kí a tó tan ẹ̀rọ rárá. Túùbù yìí fẹ́ láàárín 15 sí 25. Bó bá ti gbóná kọjá ìyẹn, agbára rẹ̀ á máa dínkù, ọjọ́ ayé rẹ̀ náà á sì máa kúrú. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bíi wáàtì 200 ni túùbù ń tú sínú omi nígbà tó bá ń yọ iná láìdúró, ìyẹn sì lè gbé lítà 20 sókè ní digiri 8 ní wákàtí kan.

Píọ̀ wọ́tà dídì oní-nylon ni a kọ́kọ́ jù sínú rẹ̀. Nylon bẹ́, omi píọ̀ wọ́tà dà mọ́ distilled, ó di pé a tún gbogbo rẹ̀ dà nù. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni igò lítà 1.5 tí a dé lẹ́nu dáadáa, tí a fi dì sínú fìríìsà. Igò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún wákàtí kan iṣẹ́ àṣekára. Ẹ fi í sínú omi díẹ̀díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí túùbù ti gbóná, torí dígí lè sán.

Ẹ má sì jẹ́ kó tutù jù. Lákòókò òjò, afẹ́fẹ́ Ọ̀yọ́ kún fún omi, bí túùbù bá sì tutù tó digiri 18, omi yóò sẹ̀ sí ara rẹ̀, iná 15,000 á wá rí ọ̀nà fò lọ sára irin. Nígbà òjò, digiri 24 sí 25 ni a fi mọ. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, a lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 20.

Lẹ́yìn omi, ẹ yí túùbù wò fún èéfọ́ọ́ afẹ́fẹ́. Ẹnu tí omi ń gbà jáde gbọ́dọ̀ kọjú sókè kí èéfọ́ọ́ lè rí ọ̀nà lọ. Èyí tó há sí ibì kan ni ibi tí dígí yóò ti fọ́. A gbé ẹ̀rọ dagun, a fún páìpù mọ́lẹ̀, a tú u sílẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ fi jáde.

Omi nìkan gbé e dé 5 mm/s. Kò tíì tó.

3. Lẹ́ńsì

Ibí ni ọ̀ràn wà. Lẹ́ńsì zinc selenide, mílímítà 12 ní fífẹ̀, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ (ibi tí ìtànṣán ti kó jọ sójú kan) jẹ́ mílímítà 50.8. Nígbà tí a tú orí rẹ̀, àárín lẹ́ńsì ti di àwọ̀ kọfí, èépá sì ti dì mọ́ ọn. Wọ́n tún ti dorí rẹ̀ kodò: apá tó wú ló wà nísàlẹ̀. Òkè ni apá tó wú gbọ́dọ̀ kọjú sí, pẹrẹsẹ ni kó kọjú sí iṣẹ́. Ẹ fi ojú wo bí iná yàrá ṣe hàn lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ tó bá ń sọ àwòrán náà di kékeré ni ẹ̀gbẹ́ tó wú.

Ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni páìpù afẹ́fẹ́ tó ti yọ kúrò lẹ́nu nọ́sù. Afẹ́fẹ́ yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń lé èéfín kúrò lójú lẹ́ńsì, ó sì ń pa ọwọ́ iná tó bá fẹ́ gbéra lórí igi. Èéfín tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì á máa mu ooru, lẹ́ńsì á gbóná, èépá á jinná mọ́ ọn.

Fífọ̀: ẹ kán isopropyl sórí òwú, ẹ gbé e lé e jẹ́ẹ́, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ ju òwú náà nù, ẹ mú òmíràn. Ẹ má fi òwú kan náà fà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì máa ń fi àwọ̀ sílẹ̀ lára lẹ́ńsì. Kò wúlò níbí. Èyí tí a fọ̀ mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòrí rẹ̀ ti jó ní àárín, a rọ́pò rẹ̀.

Bí lẹ́ńsì bá fọ́, ẹ má gbá a. Májèlé ni ìyẹ̀fun rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi tíṣù tútù ko gbogbo rẹ̀, ẹ dì í sínú ike tí ẹ lè dé pa, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ fọ ọwọ́.

Ó di 7 mm/s.

4. Ìtò dígí

Kò sí ìdí tí ìdérí fi gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí. Ẹ lẹ téèpù, ẹ dé ìdérí, ẹ yin lésà, ẹ ṣí ìdérí, ẹ wo àmì tó wà lórí téèpù. Ó ń fa àkókò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń di súwíìṣì ìdérí pa "fún ìṣẹ́jú kan péré" kì í sábà rántí tú u.

Ẹ lẹ paper tape mọ́ férémù dígí kejì. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú dígí fúnra rẹ̀, torí èéfín téèpù á bà á jẹ́. Ẹ sún apá ẹ̀rọ sẹ́yìn títí dé ibi tí dígí kejì ti súnmọ́ dígí kìíní jù. Ní 5 mA, ẹ tẹ Test fìrí. Ẹ sún un síwájú dé òpin, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí téèpù kan náà. Bí àmì méjì náà kò bá gun ara wọn, skúrù dígí kìíní ni kí ẹ yí, ìdá mẹ́jọ ìyípo lẹ́ẹ̀kan. Tiwa: àmì jíjìn fi mílímítà 4 wà nísàlẹ̀ ti ìtòsí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn máa lé àárín dígí. Kó gun ara wọn ni ohun àkọ́kọ́, ibi yòówù kí wọ́n ti pàdé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gun ara wọn tán, tí kò sì sí ní àárín, túùbù tàbí férémù dígí ni ẹ máa gbé sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe skúrù.

Lẹ́yìn náà, dígí kejì sí ìkẹta, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àyè iṣẹ́. Níkẹyìn, téèpù sí ẹnu nọ́sù: àmì náà ní láti bọ́ sí àárín ihò. Tiwa ń gbá ẹ̀gbẹ́ irin nọ́sù, ìyẹn nìkan ti ń jí agbára gbé. Ẹ fọ dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn rẹ̀.

5. Fókọ́ọ̀sì

Ẹ fi ègé pátákó kan dagun, kí orí kan fi mílímítà 10 ga ju èkejì lọ. Ẹ fa ilà gbọọrọ kan kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí ilà náà ti tín-ín-rín jù ni fókọ́ọ̀sì. Ẹ fi vernier wọ̀n ọ́n láti ìdí nọ́sù dé ibẹ̀, ẹ gé igi kékeré tó gùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ. Fún fífín, ojú iṣẹ́ ni kí ó bọ́ sí. Fún gígé, àárín sísanra rẹ̀.

6. Túùbù ńkọ́?

Lẹ́yìn gbogbo èyí: plywood mílímítà 3 já lẹ́ẹ̀kan ní 9 mm/s pẹ̀lú 12 mA. Perspex mílímítà 3 já ní 7. Túùbù kò kú.

Ẹni tó bá fẹ́ dá tirẹ̀ lẹ́jọ́: túùbù tó yá máa ń tàn ní àwọ̀ osùn àti àlùkò pọ̀, dọ́gbadọ́gba láti orí dé ìdí. Tó bá ti ń funfun, gáàsì rẹ̀ ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ mA tó ń jó láìdúró, ẹ kọ́kọ́ wo iná tó ń wọlé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fóltì rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sítébíláísà sí àárín. Ẹ má kọjá 16 mA lórí túùbù yìí, ohun yòówù kí oníbàárà máa kánjú fún. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì lésà lójú ẹsẹ̀, kí iná má padà dé bá a ní títàn.

7. Èéfín àti iná

Fáànù wà lẹ́nu ẹ̀rọ, páìpù ínǹṣì mẹ́rin sì gba inú ṣọ́ọ̀bù lọ síta. Gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara páìpù ń fẹ́ èéfín sínú yàrá. A gbé fáànù lọ sí ìparí, lójú fèrèsé, kí páìpù máa fa dípò kó máa tì. Òórùn dínkù lọ́jọ́ kan náà.

Rexine àti awọ àtọwọ́dá kò gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀rọ yìí. PVC ló pọ̀ nínú wọn. Èéfín rẹ̀ ń gbé ásíìdì hydrochloric jáde, tó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró, tó sì ń sọ irin ẹ̀rọ di ìpẹtà. Ìdánwò: ẹ gbé wáyà bàbà sínú iná títí tí yóò fi pọ́n, ẹ fi kan ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá a padà sínú iná, níta gbangba. Iná aláwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé chlorine wà níbẹ̀. Awọ gidi tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ń lò ṣeé fín bí wọ́n bá fi èso tàbí èèpo igi sè é; èyí tí wọ́n fi chrome sè, ẹ dá a padà. ABS àti polycarbonate, rárá. Fóòmù funfun, ó máa ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó bá rántí bí ọjà Akẹ̀sán ṣe jó ní oṣù kìíní ọdún 2020 kò nílò ìwàásù lórí iná. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ láti lọ gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Panápaná oní-CO2 ni kí ẹ gbé sítòsí. Ti oníyẹ̀fun ń pa iná, ṣùgbọ́n dígí àti irin ìrìn ẹ̀rọ kì í bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ máa ko àwọn ègé tó bá jábọ́ sísàlẹ̀ kúrò lójoojúmọ́.

8. Igbá

Láti ìdí nọ́sù dé ilẹ̀ àpótí, lẹ́yìn tí a yọ irin ìdìmú inú rẹ̀, àyè tó wà kò gba igbá jíjìn. Àwọn kan máa ń gé ilẹ̀ àpótí kí igbá lè wọlé. A ò ṣe é, torí lésà á rí ọ̀nà gba ìsàlẹ̀ jáde. Ọmọrí tí kò jìn nìkan là ń gbà.

Wíwú igbá ni ìṣòro. Lẹ́ńsì yìí kì í fojú fo ju mílímítà kan sí òkè àti kan sí ìsàlẹ̀ lọ kí ilà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Ẹ gbé rúlà lé orí igbá, kó kan ibi tó ga jù, ẹ wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rúlà ní etí àwòrán. Lórí igbá tó fẹ̀ ní mílímítà 240, tó sì yípo dáadáa, àwòrán tó fẹ̀ ní mílímítà 40 ní àlàfo bíi 1.7; èyí tó fẹ̀ ní 60 ti dé bíi 3.8. Ìkíní ṣeé ṣe, bí ẹ bá fi fókọ́ọ̀sì sí ìdajì àlàfo náà. Ìkejì, ẹ pín in sí ọ̀nà púpọ̀ kí ẹ máa yí igbá. Ọ̀nà tí àwọn afíngbá ń fín tẹ́lẹ̀ ti pín sí ojú-ìlà ojú-ìlà, nítorí náà ìpín kì í hàn.

Kí ó má baà yí, òṣùká ni a gbé e lé. Ti aṣọ gbẹ máa ń gbiná níbi tí ìtànṣán bá yà sí. A fi wáyà irin lọ́ òmíràn, ó sì dúró gírígírí.

Fífín: 200 mm/s, 6 mA, àlàfo ilà mílímítà 0.1. Ó ń jáde ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú lórí awọ igbá. Ní 9 mA, ó jó wọ inú ẹran igbá, èédú sì kún ojú àwòrán. Lésà kò lè mú funfun tí ọ̀bẹ afíngbá ń mú jáde lábẹ́ awọ wá. Ẹni tó bá fẹ́ funfun, kó lọ bá afíngbá.

Igbá tútù máa ń fín ní àbàwọ́n. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, kí ẹ fi paper tape tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ́ ibi tó wú, torí téèpù fífẹ̀ máa ń ká. Lẹ́yìn fífín, ẹ ṣí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín rírọ̀ àti omi díẹ̀ nù ún. Ọmọrí tí wọ́n máa fi bo oúnjẹ, ẹ tún fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, torí èéfín máa ń gba abẹ́ wọlé, kí ẹ sì sá a sí afẹ́fẹ́ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi òróró kankan pa á.